Ẹ Yé Lẹ Ọ̀rọ̀ Oníbàárà Mọ́ Àṣẹ Dátábéèsì

Ẹ kú ìjókòó o. Orúkọ kan tí ará Èkó mọ̀ dáadáa ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò: d'Almeida. Ẹ wo àmì tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn d yẹn. Ká ní báyìí lẹ ṣe fi èdè PHP kọ ìbéèrè yín sí dátábéèsì, ibi tẹ́ ẹ kó àkọsílẹ̀ oníbàárà sí:

"SELECT * FROM onibara WHERE oruko = '" . $oruko . "'"

Tí ọmọ Àgùdà yìí bá tẹ orúkọ bàbá ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, dátábéèsì á rò pé àmì àyọlò tó ń pa orúkọ dé nìyẹn, á gbà pé orúkọ ti parí síbi d. Almeida tó kù, á kà á sí àṣẹ, kò ní yé e, á bá figbe ta. Ẹ lè ní kékeré nìyẹn. Rárá o! Bí orúkọ ọmọlúàbí bá lè já àmì àyọlò jáde láìmọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á tẹ ' OR '1'='1 (“tàbí kí 1 jẹ́ 1”, òótọ́ nìyẹn fún gbogbo èèyàn), gbogbo oníbàárà yín á sì tò síwájú ẹ̀. Ẹ ti fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì nìyẹn, ẹ wá fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn iye owó fún ẹni tó fẹ́ gbà á.

Láti 1998 ni wọ́n ti tú àṣírí ọ̀nà yìí síta nínú Phrack, ìwé ìròyìn àwọn hacker. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá 2015, òun náà ni wọ́n gbà wọ TalkTalk, iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dátà oníbàárà 156,959 ló bá a lọ, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì 15,656 sì wà nínú ẹ̀. Ojú ewé àtijọ́ tó bá Tiscali, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n rà, wá ni olè gbà wọlé. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Owó ìtanràn £400,000 ni ICO, àjọ tó ń ṣọ́ dátà aráàlú níbẹ̀, bù lé wọn lọ́dún kejì.

Ẹ wá wo ti Laravel, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì lédè PHP. Query builder ni apá rẹ̀ tó ń bá yín kọ ìbéèrè:

DB::table('onibara')->where('oruko', $oruko)->get();

Ohun tó ń fi ránṣẹ́ ni: where oruko = ?. Àmì ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àṣẹ lọ lọ́tọ̀, orúkọ lọ lọ́tọ̀. Dátábéèsì ti ka àṣẹ tán kí orúkọ tó dé, kò sí ohun tó wà nínú orúkọ tó tún lè di àṣẹ mọ́. D'Almeida wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Olè náà tẹ tiẹ̀, dátábéèsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà tó ń jẹ́ ' OR '1'='1. Ẹ bá mi kí i tó bá rí i.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ṣì wà tí wọ́n ń fi mysql_real_escape_string yangàn, iṣẹ́ PHP àtijọ́ tó ń fi àmì ṣáájú àmì àyọlò kó má baà pa orúkọ dé. Ẹ̀yin bàbá, PHP fúnra ẹ̀ ti yọ ọ́ dànù láti ẹ̀dà 7, ní 2015. Ta lẹ tún ń bá jà?

Ibi àtúnṣe kóòdù ni mo fẹ́ yà sí kí arákùnrin kan tó nawọ́ lẹ́yìn: “Ẹ̀gbọ́n, Laravel làwa ń lò. Ṣé a ti bọ́ nìyẹn?”

Ẹ ò tíì bọ́. Ẹ wo èyí, tó ń jẹ́ kí oníbàárà yan ohun tẹ́ ẹ máa fi to èsì:

->orderBy($request->input('to'))

Iye nìkan ni àmì ìbéèrè lè dúró fún. Kò lè dúró fún orúkọ column, ìyẹn òpó inú táblì. Àwọn tó ṣe Laravel kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn pé kẹ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí oníbàárà yan orúkọ column fún yín. Ẹ to èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí sílẹ̀ fúnra yín:

in_array($to, ['oruko', 'ilu'], true)

Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà. whereRaw náà ńkọ́, èyí tó ń gba àṣẹ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ bó ṣe wà? Tó bá pọn dandan, whereRaw('gbese > ?', [$iye]) ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹni tó bá lẹ $iye mọ́ inú àmì àyọlò níbẹ̀ ti padà sílé àná, kódà kó wà lórí Laravel tó tuntun jù.

Wọ́n ti ń ṣẹ́jú sí mi pé àkókò ti tán, nítorí náà, ti àtúnṣe ní kíákíá: bí fọ́ọ̀mù ìwákiri bá ní orúkọ, ìlú àti ọjọ́, tí èyíkéyìí lè ṣófo, when() á fi where kọ̀ọ̀kan kún un bó bá ṣe yẹ, ẹ ò ní máa ka AND lórí ìka. Ẹni tó ń béèrè nípa Eloquent, apá Laravel tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ lo táblì bíi kíláàsì PHP, orí query builder yìí kan náà ló jókòó lé. Bí whereRaw àti orderBy ṣe rí níhìn-ín ni wọ́n rí lọ́hùn-ún.