Ẹ Má Ri Àwòrán Yẹn Sínú Omi

Fọlákẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lónìí, àwòrán ìsìn tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kùn, la fẹ́…

Ṣẹ́gun: Dúró ná. Ẹnì kan ri àwòrán ìsìn rẹ̀ sínú omi kó lè mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bí mi nínú.

Fọlákẹ́: Bọ̀dá Ṣẹ́gun! Ẹ ò tíì gbé e kúrò lọ́kàn?

Ṣẹ́gun: Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e kúrò? Àwòrán Jésù lórí àgbélébùú, láti Épinal, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé! Ó ní ìwé rẹ̀ ti pọ́n, ó sì rì í sínú omi gbígbóná.

Fọlákẹ́: Omi gbígbóná? Pẹ̀lú owó iná tí a ń san níbí?

Ṣẹ́gun: (ẹ̀rín) Fi owó iná sílẹ̀! Ìlà dúdú nìkan ló kù. Íńkì olóròóró ni wọ́n fi tẹ ìlà yẹn, omi kì í tú u. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ló di ọ̀dà aláwọ̀ mú, bó ti wù kí gọ́ọ̀mù pẹ́ tó, bó bá tún rí omi, yóò yọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ kán ìwọ̀nba omi sórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò hàn, á wá fi ìwé tó ń fa omi tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá bá ìwé jáde, ó parí nìyẹn, kò sí wíwẹ̀.

Fọlákẹ́: Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ti Épinal, mi ò kà á sí fífọwọ́kùn. Páálí gígé ni wọ́n ń lò.

Ṣẹ́gun: Ta ló wá di búrọ́ọ̀ṣì mú? Láti 1796 ni Pellerin, atẹ̀wé ní Épinal, ti dá ilé iṣẹ́ àwòrán sílẹ̀ níbẹ̀. Páálí kan fún àwọ̀ kan: wọ́n á gé ibi tí pupa máa dé, wọ́n á tẹ́ ẹ lé ìwé, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbé e kúrò, kí wọ́n tó wá mú ti búlúù. Bí páálí bá yẹ̀ díẹ̀, pupa aṣọ Màríà á gun ojú rẹ̀. Ọwọ́ ni gbogbo ìyẹn!

Fọlákẹ́: Ẹ wo Émile Bernard, ayàwòrán ọmọ Faransé, ní 1889. Orí pẹlẹbẹ sínkì ló ti tẹ àwọn àwòrán rẹ̀ nípa Bretagne, agbègbè kan ní Faransé, ó wá fi ọ̀dà olómi kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì kì í bára mu. Ìyẹn ni mo ń pè ní ọwọ́.

Ṣẹ́gun: Àmọ́ nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé Remy de Gourmont àti Alfred Jarry bẹ̀rẹ̀ L'Ymagier, ìwé ìròyìn nípa àwòrán, ní 1894, wọn ò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwòrán Épinal àti iṣẹ́ ayàwòrán Filiger jọ wà nínú rẹ̀ ni.

Fọlákẹ́: (ẹ̀rín) Ẹ ti mú mi! Báwo lèèyàn ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ṣẹ́gun: Gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ìlọ́po 10. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló tẹ àwọ̀ rẹ̀, wà á rí tóótòòtó. Ti ọwọ́ kì í ní tóótòòtó, ó ṣókùnkùn létí, ó sì máa ń kọjá ìlà. Ti páálí máa ń ní ìgúnlẹ̀ ọ̀dà létí, gbọnrangandan.

Fọlákẹ́: Èmi á gbé tèmi kọ́ sí pálọ̀.

Ṣẹ́gun: Lókè hítà? Lójú fèrèsé?

Fọlákẹ́: Ògiri tí oòrùn ò dé! Ìmọ́lẹ̀ tí kò ju 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), gíláàsì tí kò kan ìwé, páálí òwú lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?

Ṣẹ́gun: Má lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú sẹ́lótéèpù.

Fọlákẹ́: Ìwé Jàpáánì, àlẹ̀ wíìtì, òkè nìkan! Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mu omi!

Ṣẹ́gun: (ẹ̀rín) Èmi nìkan ló lè mu ún, kì í ṣe àwòrán!