Aṣọ Tí Àwọn Opó Gbé Jáde

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42, 2 Tímótì 1:3–5

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.

Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jópà, tí Pétérù dé yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ẹ wo ohun tí àwọn opó ṣe. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀, wọn ò sì ka oyè tó jẹ nínú ìjọ. Ẹ̀wù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún wọn ni wọ́n gbé jáde, tẹkúntẹkún. Ìwọ tí ìyá rẹ jẹ́ Kátólíìkì tòótọ́, tó ti lọ sinmi, bi ara rẹ láàárọ̀ yìí: bí Pétérù bá wọlé wa lónìí, kí ni àwọn èèyàn máa gbé jáde nítorí ìyá mi? Fọ́tò ńlá tó wà ní pálọ̀ kọ́ là ń bèèrè. Aṣọ ẹbí ọjọ́ ìsìnkú náà kọ́.

Ọdún 1969 ni Ìlọrin di dáyọ́sísì, ìyẹn àgbègbè ìjọ tó ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ṣì wà tí Fada kì í lè dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kátíkíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn nínú ìjọ, àti àwọn ìyá ló ń gbé e ró. Iṣẹ́ wọn kì í pariwo. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe, àfi ìgbà tí aṣọ pẹpẹ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tàbí tí baba arúgbó kan lẹ́yìn ọjà bá lo oṣù mẹ́ta láìgba Ara Kírísítì, tí kò sì sí ẹni tó bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ pẹpẹ yẹn wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé fífọ lásán ni. Aṣọ funfun onígun mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo àti ife nígbà Mísà ń jẹ́ kọ́pórà. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tí Fada fi ń nu ife. A kì í kó àwọn méjèèjì sínú ọṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi lásán la kọ́kọ́ fi ń ṣàn wọ́n, nínú abọ́ tí a yà sọ́tọ̀. Omi náà kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà: orí ilẹ̀ tó mọ́ la ń dà á sí, tàbí ojú ihò tó wọ inú ilẹ̀ ní sákírísì, yàrá tí a ń kó ohun èlò Mísà sí, níbi tó bá wà. Èérún Ara Olúwa lè wà lára kọ́pórà, Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ sì lè ti kán sára aṣọ kejì, ìdí nìyẹn. Lẹ́yìn èyí la tó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, láìpò wọ́n mọ́ aṣọ ilé.

Bí àbàwọ́n wáìnì bá ṣẹ́ kù, má ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Iná á jẹ́ kó wọ inú òwú lọ, kò sì ní kúrò mọ́. Àbẹ́là tó kán sórí aṣọ pẹpẹ ńkọ́? Jẹ́ kó le, fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á, fi bébà sókè àti sísàlẹ̀, kí o wá gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lé e. Máa pààrọ̀ bébà títí tí kò fi ní gba òróró mọ́. Ẹni tó da omi gbígbóná lé e, ńṣe ló fọ́n àbẹ́là ká gbogbo aṣọ. Tó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù eléédú ni, kọ́kọ́ nu ìdí rẹ̀, kó má lọ fi dúdú yí i. Kọ́pórà la máa ń ká sí mẹ́ta ní òró, ká tún ká a sí mẹ́ta ní ìbú, kó yọ ojú mẹ́sàn-án, inú rẹ̀ la sì ń ká sí, kí èérún má baà já bọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń du ipò ní kúáyà torí gbohùngbohùn. Aṣọ pẹpẹ kò ní gbohùngbohùn, ó ṣeni láàánú.

Iṣẹ́ kejì tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀ ni ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí Ara Kírísítì bá ń bọ̀ nílé, ẹ pèsè aṣọ funfun lórí tábìlì kékeré, àgbélébùú, àbẹ́là méjì, omi mímọ́, àti ife omi mímu kan pẹ̀lú ṣíbí, torí ọ̀fun aláìsàn máa ń gbẹ. Pa tẹlifíṣọ̀n. Méjì-méjì ni kí ẹ máa lọ, bí Olúwa ṣe rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ, ẹ bèèrè bóyá ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó da ṣúgà tàbí iyọ̀ sí nǹkan.

Àṣìṣe tó ń dunni jù: àwọn ẹbí ń bẹ̀rù láti pe Fada, wọ́n ní bí òróró tí Fada fi ń yan aláìsàn bá dé, ikú ló dé. Wọ́n á dúró títí ìyá kò fi ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, nígbà mìíràn títí ó fi máa kú. Òróró àwọn aláìsàn, alààyè ló wà fún. Ẹ ka Jákọ́bù 5:14–15. Kí àìsàn tó le, kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìgbà náà ni kí ẹ pè é. Kátíkíìsì lè gbàdúrà, ẹni tí ìjọ yàn lè gbé Ara Kírísítì wá, ṣùgbọ́n Fada nìkan ló lè fi òróró yìí yàn.

Ní ti Mísà ìrántí, ẹ kọ orúkọ ìrìbọmi àti orúkọ ìdílé lẹ́tà ńlá, ẹ fi déètì sí i, ẹ sì mú un dé ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì ṣáájú. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ di àárọ̀ Sunday, bí wọ́n bá ka orúkọ ìyá rẹ̀ lódì, kó má bínú. Ilé wa ní Kwara kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan: àwọn ẹbí tó jẹ́ Mùsùlùmí á wá, àwọn tó ti bá wa ṣe fídáù nílé yòókù. Ẹ fi ẹnìkan jókòó tì wọ́n, tó máa sọ ìgbà ìdìde àti ìjókòó fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì tì wọ́n síwájú nígbà tí à ń gba Ara Olúwa.

Ìwọ tó wà ní ìlú òyìnbó, tí o kò lè dé ojú oórì, rántí Mónícà Mímọ́, ìyá Ọ̀gọ́sítínì Mímọ́, tí à ń ṣàjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ágọ́ọ̀sì. Ní Ostia, èbúté kan nítòsí Róòmù, ní ọdún 387, ó kú jìnnà sí ilé. Ó ní kí wọ́n sin òun síbikíbi, pé kí wọ́n ṣáà máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, a dúpẹ́ fún ọwọ́ tó fọ̀ tó sì lọ aṣọ pẹpẹ Rẹ, tí a kò mọ̀ títí ọwọ́ náà fi tutù.

Baba, fi iṣẹ́ kan tí ìyá wa fi sílẹ̀ hàn wá lónìí, kí o sì fún wa ní sùúrù láti ṣe é bó ti tọ́.

Jésù, rántí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ ìyá wa kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Rán wa lọ, kí o sì mú ìtìjú kúrò lójú wa.

Màríà Ìyá wa, bá wa bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn.

Mo kí ọ Màríà... (lẹ́ẹ̀mẹ́wàá)

Fún ìyá wa ní ìsinmi ayérayé, Olúwa, kí ìmọ́lẹ̀ tí kì í tán máa mọ́lẹ̀ sí i lórí. Kí ó sinmi ní àlàáfíà. Àmín.