Banu Makhzum: Báwo ni àṣẹ Mẹ́kà ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn?

Ẹ̀yin òǹwòran wa, bí a bá ń dárúkọ àwọn àgbà Mẹ́kà tó gbógun ti Ànábì Muhammad, Abu Sufyan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n kí ogun Badr, tí àwọn Mùsùlùmí àti ará Mẹ́kà bára wọn jà, tó wáyé lọ́dún 624, ìdílé mìíràn nínú Kùráéṣì, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, ló lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà jù: Banu Makhzum.

Olówó ni wọ́n, oníṣòwò. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n fẹ́ tún Kaaba kọ́, tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn láti wó ògiri rẹ̀, al-Walid ibn al-Mughira, àgbà ilé Makhzum, ló kọ́kọ́ fi irin kàn án. Ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ni!

Ọmọ arákùnrin rẹ̀ ni Abu Jahl. Òun wà lára àwọn tó ní kí ẹnikẹ́ni má bá Banu Hashim, ìdílé Ànábì, tajà, kí wọ́n má sì bá wọn ṣe àna. Ìyà yẹn tó nǹkan bí ọdún 3. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé Makhzum ni Fatima ọmọ Amr, ìyá tó bí bàbá Ànábì. Ilé al-Arqam lẹ́bàá òkè Safa, níbi tí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ti ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀, ti ọ̀dọ́mọkùnrin Makhzum ni. Kí Abu Jahl tó wo ìta, ilé tirẹ̀ ti pín sí méjì.

Badr ló bà á jẹ́ fún wọn. Nǹkan bí 70 ará Mẹ́kà ló kú, Abu Jahl náà sì wà lára àwọn tó kú pẹ̀lú àwọn èèkàn Makhzum mìíràn. Abu Sufyan, ọmọ ilé Umayya, ìdílé Kùráéṣì mìíràn, kò sí lójú ogun rárá. Ó ti darí ràkúnmí àti ẹrù gba etíkun lọ sílé. Òun ló wá di aṣáájú Mẹ́kà.

Akọni Makhzum tó kù ni Khalid, ọmọ al-Walid. Ní ogun Uhud lọ́dún 625, òun àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ló gba ẹ̀yìn yọ sí àwọn Mùsùlùmí. Ní 629 ó gba Ìsìláàmù, ó sì bá àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun Róòmù ní ogun Yarmuk lọ́dún 636. Àmọ́ Umar, kálífà (olórí àwọn Mùsùlùmí) nígbà náà, tí ìyá òun náà jẹ́ ọmọ Makhzum, yọ ọ́ nípò. Ilẹ̀ Síríà tí Khalid bá wọn gbà, Muawiyah ọmọ Abu Sufyan ló ṣe gómìnà rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti di kálífà lọ́dún 661.