Ọ̀rá Yìí, Ti Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan sọ ní Àkúrẹ́ nìyí, tí mo tún tò fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú, mo júbà kí n tó la ẹnu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, ẹ má bínú, n kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ro yín jù. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀dọ́ ṣe lè fi iṣẹ́ ọnà gbógun ti ike àti ọ̀rá tó gba ìlú kan. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí. N kì í ṣe wolé-wolé, ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni kò sì kàn mí lónìí.

Orí ààtàn ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ààtàn ilé ìyá mi àgbà ní Ìsinkàn wà lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé ẹ̀kọ, ewé mọ́ín-mọ́ín, èèpo iṣu, eérú àdògán, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ata tó ta jù nínú ilé náà, orí ààtàn ló ti ń lalẹ̀ hù, ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Bí àgbàlagbà bá jẹ ẹ̀kọ tán lójú ọ̀nà oko tó sì ju ewé rẹ̀ sí igbó, kò hùwà ọ̀bùn, ilẹ̀ ló fún lóúnjẹ. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ìdọ̀tí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Irọ́ funfun báláú ni. Ọwọ́ tó ń ju ewé sílẹ̀ láyé àtijọ́ náà ló ń ju ọ̀rá sílẹ̀ lónìí. Ohun tó wà nínú ọwọ́ yẹn ló yí padà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọwọ́.

Ó yí padà kíákíá pẹ̀lú. Àwọn tí orí wọn ti ń funfun níbí yóò rántí omi tútù tí wọ́n ń bù fún èrò ọkọ̀ nínú ife kan ṣoṣo, tí gbogbo ọkọ̀ á fi ẹnu kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi sínú láílọ́ọ̀nù funfun, tí wọ́n á so ó ní kókó lórí. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni píọ̀ wọ́tà wá gba gbogbo ibùdókọ̀. Ìmọ́tótó la rò pé a ń rà, ìmọ́tótó náà sì ni lóòótọ́, torí ife àjọmu yẹn kò dára. Tí ẹ̀rọ inú ilé kò bá sì sun omi, kí ni kí ènìyàn mu? Nítorí náà n kò bá ẹni tó ń mu ún jà. Èmi fúnra mi ti mu méjì kí n tó gun orí pèpéle yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá a gbé lọ́wọ́. Ọ̀rá yìí, inú epo rọ̀bì àti gáàsì ló ti jáde. Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèèṣì rí i nígbà tí wọ́n ń dán nǹkan mìíràn wò. Kòkòrò inú ilẹ̀ tó ń jẹ ewé kò ní eyín fún un. Oòrùn lè gbó o, ó lè fọ́ ọ wẹ́wẹ́, àmọ́ ẹ̀rún rẹ̀ náà, ọ̀rá ni. Ike tí ayé ń ṣe lọ́dún kan ti lé ní 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2017 sì fi hàn pé nínú gbogbo ike tí aráyé ti lò tí wọ́n dànù, bíi 9 péré nínú 100 ni wọ́n kó padà láti fi ṣe nǹkan mìíràn.

Níbí, a mọ ibi tí èyí tó kù ń lọ. Gọ́tà gbé e fún odò Àlà, Àlà gbé e fún Ògbèsè, Ògbèsè ń bá tirẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ lọ dúró lórí afárá Àlà lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, kí ẹ wo ohun tó ń léfòó. Èyí tí kò sì ráyè dé odò, inú gọ́tà ló jókòó sí, omi òjò kò wá ní ọ̀nà mìíràn ju pálọ̀ èèyàn lọ. Ìbàdàn fojú rí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọlé. Pàǹtírí wà lára ohun tó dí ọ̀nà omi lọ́jọ́ náà, nígbà yẹn, píọ̀ wọ́tà kò tíì dé rárá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọnà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi sun.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí, aṣọ àríyá la ní ká fi ọ̀rá rán. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù: ọmọge á wọ gáùn píọ̀ wọ́tà, á máa yan, àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ ku ọ̀la, gáùn márùn-ún ti wà nílẹ̀, wọ́n ń dán gbinrin. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe fọ̀ ọ́ tó fi mọ́ báyìí?" Wọ́n ń wojú ara wọn. Ọ̀kan ló wá jẹ́wọ́: "Sà, èyí tá a ṣà nínú gọ́tà ń rùn. A lọ ra ọ̀rá tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe omi." Ọ̀rá tuntun! Ọ̀rá tí omi kò tíì wọ inú rẹ̀ rí! Àwa tá a ní à ń gbógun ti ọ̀rá ti di oníbàárà rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù láti yí i padà, a ṣe àfihàn náà bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà kọjá, mo rí mẹ́ta nínú gáùn wọ̀nyẹn lórí bọ́là, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà tá a fi kún wọn. Pàǹtírí tá a bá nílẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, a tún bù kún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, kí gan-an ni ọnà lè ṣe tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè ṣe? Torí tó bá jẹ́ ti kíkó ni, àwọn ọmọ tó ń gbé àpò kọ́rùn tí wọ́n ń ṣa ìgò ike kiri Àkúrẹ́ ń kó ju gbogbo oníṣẹ́ ọnà lọ. Kílò ni wọ́n ń tà. Ìgò ike ní olùrà, ó sì tètè wúwo. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà fúyẹ́ bí ìyẹ́, o ní láti ṣa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kó tó pé kílò kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Baba àgbàlagbà kan ló fún mi lésì, láìmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fẹ́ fi ọ̀rá dá agọ̀ eégún, kó máa fi ṣeré lójú títì. Baba yìí gbọ́, ó ké sí wa. Ó ní, "Ẹ má dán an wò. Aṣọ ara eégún kì í ṣe àkísà lásán. Ọmọ ilé ló ń fi í sílẹ̀: lágbájá mú tirẹ̀ wá lọ́dún yìí, tàmẹ̀dù mú tirẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí ègé aṣọ kan níbẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín." A tọrọ àforíjì, a sì jáwọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kò sí ègé kan tí kò ní ẹni tó ni ín. Mo wá wo ọ̀rá tó wà nínú gọ́tà iwájú ilé mi. Orúkọ wà lára rẹ̀. Àdírẹ́sì wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Nǹkan tó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí àyà gàdàgbà, àwa la sọ ọ́ di ọmọ òrukàn.

Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn, ẹ lè máa lọ sílé báyìí tí ẹ bá fẹ́. Iṣẹ́ tí ọnà lè ṣe ni pé kó dá ọ̀rá padà fún ẹni tó ni ín, lójú gbogbo ayé.

Bá a ṣe ṣe é rèé. Gọ́tà kan ṣoṣo la mú, láti ìsọ̀ kan ní Ọjà Ọba lọ sí apá Arákàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣa ọ̀rá, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ọ̀pá. A fọ̀ wọ́n nínú báàfù, a sá wọn sórí okùn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi wá bóyá orí wa pé. Lẹ́yìn náà la yà wọ́n sọ́tọ̀ ní orúkọ-ní-orúkọ. Ilé iṣẹ́ tó lé ní ogún la bá nínú gọ́tà kan yẹn! A kò fi iná lẹ̀ wọ́n pọ̀, torí èéfín ọ̀rá kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ lára aṣọ náà. Ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ojú rẹ̀ fẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ rí tín-ín-rín. A kò kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kankan sí i. Nígbà ti gáùn, pátákó tá a gbé dání kún fún Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìyá ọlọ́jà ń wò wá bí ẹni ń wo àlejò. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ tí wọ́n ń pè lójoojúmọ́ ni wọ́n rí.

Oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ El Anatsui ló ti la irú ọ̀nà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fi ara wa wé e. Ọmọ Ghana ni, yunifásítì tó wà ní Nsukka ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní 1975, ọ̀pọ̀ ọdún ló lò níbẹ̀. Ó ń fi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ títí yóò fi di aṣọ ńlá tó bo ògiri. Ní òkèèrè ẹ ó rò pé aṣọ òkè ọba kan ni; tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó máa ka orúkọ ọtí. Ẹ ó wá rántí ohun tí ọtí ṣe lẹ́bàá òkun wa nígbà òwò ẹrú. Ní 2015, ní Venice, wọ́n fi ẹ̀bùn ọnà tó ń jẹ́ Kìnnìún Oníwúrà dá a lọ́lá. Kò ju pé ó jẹ́ kí ìdérí ọtí máa sọ ibi tó ti wá.

Nairobi náà ńkọ́? Ní 2022, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ síbẹ̀ láti pinnu bóyá kí wọ́n ṣe àdéhùn kan lórí ike, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Benjamin Von Wong gbé ẹ̀rọ omi gàgàrà kan kalẹ̀ níbi tí wọ́n á gbà wọlé, ike ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kún fún omi, tó ń nu ilẹ̀ láìti ẹ̀rọ, ẹ mọ̀ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fẹnu kò nínú oṣù Kẹta ọdún yẹn pé àwọn yóò ṣe àdéhùn náà. Wọ́n pàdé ní Busan ní 2024, wọ́n pàdé ní Geneva nínú oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n tú ká láìfẹnukò. Ọnà kì í ti ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Òfin ló ń ti ẹ̀rọ. Rwanda ṣòfin lórí àpò ọ̀rá ní 2008, Kenya ṣe tirẹ̀ ní 2017, ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù nínú oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjà. Ògiri kan tí onílé rẹ̀ yọ̀ǹda fún wa la so aṣọ náà mọ́. Ìyá kan tó ń ta omi tútù wá, ó fọwọ́ kan ojú tó fẹ̀ jù. "Èyí tí mò ń tà rèé!" Ó wò ó títí. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin tó sún mọ́ ọn jù nínú wa: "Ṣé èmi ni mo da gbogbo eléyìí síta ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Rárá o, mà. Ọ̀dọ̀ yín ló kàn gbà kọjá."

"Ẹni tó ń gbé e wá fún mi ńkọ́? Ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ń kún bọ̀, òfìfo ló fi ń padà."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ń kún bọ̀, òfìfo ló fi ń padà. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, n kò gbọ́ ẹni tó là á yéni báyẹn. Àwọn oníbíà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ìgò òfìfo lo ń gbé lọ kí wọ́n tó fún ọ ní kíkún, kò sì sí ìgò bíà nínú gọ́tà wa bíi ti ọ̀rá. N kò ní parọ́ fún yín pé ìyá náà gbé àpò síwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti máa gba ọ̀rá padà. Kò gbé e. Ṣùgbọ́n ó sọ fún awakọ̀ tó ń gbé omi wá, awakọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà wá ní ọjọ́ kẹrin. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kí wa dáadáa. Ó ní a ti ba òun lórúkọ jẹ́, pé ẹni tó mu omi ló ju ọ̀rá rẹ̀, òun kọ́. Ó ní kí á yọ tòun kúrò lára aṣọ náà, kí á fi ti àwọn yòókù sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń wojú mi. Mo ní kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n bá rò.

Wọ́n mú àlùmọ́gàjí, wọ́n tú òwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ihò gbàgàdà wá wà láàárín aṣọ tí ògiri ń hàn níbẹ̀. Wọ́n ká ọ̀rá náà, wọ́n kó o sínú àpò, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé e fún un: "Tiyín rèé, sà." Ó gbà á. Ó dúró létí títì pẹ̀lú àpò náà lọ́wọ́, ó wo ọkọ̀ rẹ̀, ó wo gọ́tà, ó tún wo ọkọ̀ rẹ̀.