Ta Ló Ni Ojúlé Yín Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Òròkí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá láti ibòmíì. Mi ò ní fi ìkíni pẹ́ lónìí. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí fóònù, ẹ̀yin aládìrẹ, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kéèkì, ẹ dá mi lóhùn: tí Facebook àti WhatsApp ò bá ṣí láàárọ̀ ọ̀la, níbo ni kọ́sítọ́mà ti máa rí yín?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. October 4, 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú pọ̀ káàkiri ayé fún bíi wákàtí 6. Kì í ṣe pé àwọn kan gbógun tì wọ́n, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ṣe tí wọ́n fi bà á jẹ́. Ímeèlì ń lọ lọ́jọ́ náà, wẹ́bsáìtì àwọn èèyàn ń ṣí. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ dákú? Torí ẹnì kan ló ni wọ́n! Facebook ra Instagram ní 2012 ní bílíọ̀nù 1 dọ́là, ó ra WhatsApp ní 2014 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19. Ẹ rò pé ibi mẹ́ta lẹ ti ń tajà, ibì kan náà ni.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Tim Berners-Lee ló gbé èrò wẹ́ẹ̀bù, ìyẹn ètò tí gbogbo wẹ́bsáìtì dúró lé, kalẹ̀ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, ní 1989. Nígbà tó di April 30, 1993, CERN kéde pé àwọn ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tó bá wù lè lò ó, àwọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé tiẹ̀ kalẹ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ayé kàfé, ẹ rántí ọ̀fànáìtì? Èmi máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn á máa jẹ mí lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wẹ́bsáìtì tó bá sì wù mí, màá tẹ «view source», màá rí gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ látòkè délẹ̀, màá dà á kọ, màá yí i sí tèmi, bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí lò ń wá níbẹ̀. Ápù wo lẹ lè ṣí inú ẹ̀ wò báyẹn lónìí?

Lójú tèmi o, Ọjà Ọba ni wẹ́ẹ̀bù ayé ìgbà yẹn. Ẹ gbé àtẹ yín kalẹ̀, ẹni tó ń kọjá rí yín, tí ibẹ̀ ò bá tù yín lára mọ́ ẹ gbé igbá yín, ó di Olúọdẹ, àwọn tó mọ̀ yín á bá yín débẹ̀. Ni àwọn kan bá wá kọ́ pláásà ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Iná ò kú níbẹ̀, éèsì ń fẹ́, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa bọ̀. A kó wọlé! Àwa fúnra wa la fa kọ́sítọ́mà wa lọ́wọ́ wọlé, «ẹ wá bá mi lórí Facebook, ẹ láìkì pééjì mi.» Nígbà tí gbogbo ìlú wọlé tán, tí koríko ti hù lọ́jà, ni onípláásà bá ní kí kọ́sítọ́mà yín tó lè rí ọjà yín, ẹ ó sanwó. Ẹ gbé àdìrẹ tuntun sórí pééjì, fọ́lówà yín pọ̀ rẹpẹtẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí i. Àwọn tó kù ńkọ́? Ẹ tẹ Boost. Kọ́sítọ́mà TIYÍN o, tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fà wọlé!

Wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn lọ díẹ̀díẹ̀. Google Talk tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ síra wọn, láti 2006, ẹ lè tibẹ̀ bá ẹni tó wà lórí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́) ẹlòmíì sọ̀rọ̀, bí Yahoo ṣe ń kọ ímeèlì sí Gmail. Ní 2013 Google gbé Hangouts dé rọ́pò ẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Ọdún yẹn kan náà, July 1, wọ́n pa Google Reader tí àwa kan fi ń ka gbogbo wẹ́bsáìtì tó wù wá lójú kan. 2023, Twitter lé gbogbo ápù tí àwọn ará ìta ṣe dànù. Ẹ wo WhatsApp, orí ìlànà tó jẹ́ ti gbogbo ayé, XMPP, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ, síbẹ̀ ọdún gorí ọdún ẹni tó wà níbẹ̀ ò lè kí ẹni tó wà lórí Telegram. Ṣé kò ṣeé ṣe ni? Ó ṣeé ṣe. Wọn ò fẹ́ ni! Yúróòpù ló wá ń fi òfin le WhatsApp pé kó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó kù.

Ibi tó ń bí mi nínú jù rèé. June 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di January 13, 2022. Oṣù méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà pa ọ̀rọ̀ ààrẹ rẹ́, ààrẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa, nínú àwọn méjèèjì ta ló bi aládìrẹ Òṣogbo léèrè? Kí sì ni ìjọba ṣe? Kò rán sójà níṣẹ́, kò gé wáyà. Ó pàṣẹ fún ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo wa ń lò, àwọn yẹn dí i, ó parí. Àwọn tó mọ VPN, ápù tó ń bá èèyàn gba ẹ̀bùrú kọjá ibi tí wọ́n dí, ń bá tiwọn lọ, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n jókòó. July 2022 ni kóòtù ECOWAS tó sọ pé ohun tí ìjọba ṣe ò bófin mu, ìgbà yẹn ilẹ̀kùn ti ṣí tipẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí ọ̀rọ̀ wa bá fọ́n ká sórí ẹgbẹ̀rún wẹ́bsáìtì, lórí sáfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìjọba tó dí gbogbo ẹ̀ tán, á ti rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ a ti kó ara wa sẹ́yìn géètì kan ṣoṣo. ÀGÁDÁGODO KAN TÓ! Onípláásà ò tiẹ̀ ní láti bínú sí yín, ẹni tó ń bínú sí onípláásà nìkan tó láti ti yín síta.

Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi, ibi tí gbogbo yín máa ń ṣì rèé. Ẹ ti gbọ́ pé ó yẹ kẹ́ ẹ ní wẹ́bsáìtì tiyín, ẹ pe ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà ní Ògo-Olúwa, ó bá yín ṣe é, ó rẹwà. Orúkọ ta ló fi ra dòméènì, ìyẹn àdírẹ́sì tí wọ́n ń tẹ̀ kí wẹ́bsáìtì yín tó ṣí? «Mọ́mì, ẹ má wòrí, ó wà lọ́wọ́ mi.» Yéè! Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀! Àǹtí kan ládùúgbò wa, ọmọ tó ṣe tiwọn ti lọ Canada, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́, owó ọdún dòméènì pé, ímeèlì ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àǹtí ò mọ nǹkan kan. Ẹlòmíì ti rà á. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àǹtí báyìí, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ máa bá níbẹ̀.

Dòméènì yàtọ̀ sí họ́sítìn o. Họ́sítìn ni ibi tí fáìlì yín ń sùn, dòméènì ni orúkọ táwọn èèyàn ń tẹ̀. Tí oníhọ́sítìn bá ń dà yín láàmú, ẹ kó fáìlì yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹ yí nameserver, ohun tó ń júwe ibi tí fáìlì yín wà, padà, ó pẹ́ tán ọjọ́ kan sí méjì, orúkọ yẹn kan náà á ṣí, kọ́sítọ́mà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ kó. Èyí gan-an ni agbára tí Facebook ò lè fún yín láéláé. Àmọ́ tí dòméènì ò bá sí lórúkọ yín, ẹ ò lágbára kankan. Nítorí náà, .com ni o, .ng ti Nàìjíríà tí àjọ NiRA ń bójú tó ni o: ORÚKỌ YÍN. ÍMEÈLÌ YÍN. PÁSÍWỌ́Ọ̀DÙ YÍN. Mo tún un sọ: ORÚKỌ YÍN, ÍMEÈLÌ YÍN, PÁSÍWỌ́Ọ̀DÙ YÍN! Ọmọ yẹn lè bá yín ṣiṣẹ́, àkáǹtì ò gbọdọ̀ jẹ́ tiẹ̀.

Ẹ tún fetí sí èyí, torí àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n ló máa ń kó sí i: ẹ má fi ímeèlì tó wà lórí dòméènì yẹn gan-an ṣí àkáǹtì ẹ̀. Tí dòméènì bá kú, ímeèlì yẹn náà kú, ibo ni lẹ́tà ìkìlọ̀ máa gbà dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹ lo èyí tó wà lọ́tọ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé dòméènì ń gbani lọ́wọ́ gbogbo nǹkan. Ìjọba lè ní kí wọ́n dí òun náà. Òfin Cybercrimes, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, wọ́n ṣì ń fi mú oníròyìn, kò sí wẹ́bsáìtì tó lè gba èèyàn sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé. Àwòrán yín náà ńkọ́? Google Takeout wà tẹ́ ẹ lè fi kó nǹkan yín kúrò lórí Google, Facebook náà ní ibi tẹ́ ẹ ti lè da gbogbo nǹkan yín sílẹ̀. Ẹ dà á sórí fláàṣì tàbí họ́ọ̀dì dísìkì, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan á ṣe Takeout tán, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sórí Google Drive. Háà!

Àwọn kan á ní ṣé káwọn kúrò lórí WhatsApp ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ febi pa ara yín? Ẹ máa tà níbẹ̀, kọ́sítọ́mà wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà gba nọ́ńbà wọn sínú ìwé, kẹ́ ẹ tẹ dòméènì yín sára náílọ́ọ̀nù dípò orúkọ pééjì. Ẹ dá fídíò yìí dúró báyìí, ẹ ṣí ímeèlì yín, ẹ wá orúkọ dòméènì yín níbẹ̀. Tẹ́ ò bá rí lẹ́tà kankan, ẹ tètè pe ọmọ yẹn kó tó gba físà.