Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí aláwàdà lẹ́nu?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mo kí yín kú ìjókòó. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Ọyẹ́ wá sí Adó pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé ẹni tó bá lẹ́nu nìkan ló lè fi àwàdà jẹun. Iṣẹ́ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ o, owó sì wà níbẹ̀: iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́. Adarí ètò tó ní ìnáwó mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kan ò lè máa sọ ohun kan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alága ìjókòó, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣe ètò àárọ̀ lórí rédíò, ẹni tó ń gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu gbogbo wọn. Àwọn ni oníbàárà yín. Ẹ má dúró de ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹyọ kan. Ká ní ẹnìkan kọ èyí fún ìgbéyàwó: “Bàbá ìyàwó kan ní Ìkọ̀lé bi ọkọ ọmọ rẹ̀ bóyá ó ní sáńtífíkéètì, lẹ́yìn tó ti kó ẹrù ìdána wá, torí Èkìtì fẹ́ràn ìwé.” Ta ló máa rẹ́rìn-ín? Ẹ tún un tò báyìí: “Ọkọ kó ogójì iṣu wọ Ìkọ̀lé. Ó kó oyin, ó kó iyọ̀, ó kó orógbó. Bàbá ìyàwó kà á tán, ó gbójú sókè, ó ní: Sáńtífíkéètì ńkọ́?”

Etí ń retí ẹrù mìíràn, ìwé ló bá pàdé. A yọ àlàyé pé Èkìtì fẹ́ràn ìwé kúrò, torí ẹni tó jókòó síbẹ̀ ti mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa parí rẹ̀ nínú. Bí ẹ bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un lẹ́yìn “ńkọ́”, ẹ ti pa ẹ̀rín náà. Kí ẹ sì kà á sókè kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, torí ojú máa ń fo ibi tí ahọ́n ti ń kọsẹ̀.

Ẹnu ẹni tó máa sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ fún. Gbénga Adébóyè, tó kú ní 2003, máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lórí rédíò, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Bàbá Ìkọ̀lé ò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn.

Ibi tó ń dùn mí jù wá nìyí. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, fi owó ńlá ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru tó jáde ní 1982. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ àgbà aláwàdà náà lọ́rùn. Ẹ má fi iṣẹ́ yín ṣeré. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ Nàìjíríà ti 2022 ò dáàbò bo èrò tó wà nínú orí. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ tàbí tí a gbà sílẹ̀ ló mọ̀. Bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ lẹ ni ín, àfi tí àdéhùn tí ẹ jọ kọ bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà: ojú ìwé mélòó, ọjọ́ wo, èló, ṣé tirẹ̀ nìkan ni àbí ẹ lè tún un tà. Tó bá fẹ́ kó jẹ́ tòun nìkan, kò burú, àmọ́ kó san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

YouTube ńkọ́? Fún fídíò gígùn, alábàápín 1,000 àti wákàtí wíwò 4,000 láàárín oṣù 12 kẹ́ ẹ tó lè máa pín nínú owó ìpolówó. Ẹ máa ṣe é lọ, ṣùgbọ́n alága ìjókòó lè sanwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọbìnrin kan bi mí bóyá ọmọdé lè gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ fọ̀wọ̀ gbà á: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdajì ni mo máa ń gbà kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ óò san ìyókù tí iṣẹ́ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.” Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sanwó fún télọ̀, wọn ò sì ń bínú sí i.