Mo wo Ó Le Kú kí n tó kà á, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìwé la fẹ́ sọ lónìí, ẹ má tíì sá lọ, ọ̀rọ̀ fíìmù náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá gbé ìtàn kúrò nínú ìwé tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi ná.

Lẹ́kíṣọ̀ wa kan ló fún wa ní asáínmẹ́ǹtì. Ó ní ká lọ ka Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ká wo fíìmù rẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe, ká wá kọ ojú ewé mẹ́rin lórí ohun tá a rí. Èmi wá ní ṣebí ìtàn kan náà ni, kí ni mo tún fẹ́ máa fi ìwé da ara mi láàmú sí? Mo wo fíìmù yẹn lóru ọjọ́ kan, búrẹ́dì lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀ mọ́ mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin mi, mo fi sílẹ̀, mo ń rìn gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Nígbà tí bàbá dá a padà, kò sí máàkì kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ìwé ni mo ní kó o kà, ojú Yẹmí Ṣódìmú lò ń ṣàpèjúwe fún mi látòkè délẹ̀."

Ẹ gbà mí o. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ fàlàlà pé òǹkọ̀wé ṣàpèjúwe bí Àjàní ṣe ń rẹ́rìn-ín àti irú ojú tó máa ń ṣe tọ́rọ̀ bá ká a lára. Òǹkọ̀wé wo? Yẹmí Ṣódìmú tó ṣe Àjàní nínú fíìmù ni mo rí, mo wá lọ di ẹrù rẹ̀ lé Ìṣọ̀lá lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ìtàn náà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àjàní wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ó ti dé ọdún tó máa ṣàṣejáde, ìyá rẹ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan míì ju ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ. Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀, Lọ́lá wà níbẹ̀, Ṣadé náà wà níbẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Mi ò ní sọ ibi tó parí sí, ẹ lọ wá a fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ sórí orúkọ ìwé yìí gan-an, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Ẹ wo ojú fóònù yín, mo kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi àmì sí i, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára pósítà: O LE KU. Báwo lẹ ṣe kà á? Èmi kà á ní "ó lè kú", mo wá ń retí òkú láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹni tó bá ti wúkọ́ báyìí màá ní ẹni yìí ni. Àṣé "ó le kú" ni! Bí wàhálà bá wọni lọ́rùn tá a ní "háà, ó le kú", ìyẹn ni. Àmì kan ṣoṣo lórí lẹ́tà kan ṣoṣo o. Èmi tí mo máa ń bínú sí àmì ohùn nílé ìwé girama, ọjọ́ yẹn ni mo tọrọ àforíjì.

Tó, mo lọ yá ìwé náà ní láíbìrì. Ọdún 1974 ló jáde, fíìmù jáde lọ́dún 1997, ọdún mẹ́tàlélógún ló wà láàárín méjèèjì, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí a máa padà síbẹ̀. Ojú ewé mélòó kan àkọ́kọ́ nira fún mi, mi ò ní purọ́. Mo máa ka gbólóhùn kan, màá gbé fóònù, màá tún padà wá wá ibi tí mo dé. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ohùn jáde, bí ẹni ń bá èèyàn jà nínú yàrá, ni nǹkan bá yí padà. Ọmọ Ìbàdàn ni Ìṣọ̀lá, èdè rẹ̀ ò ṣeé fi ojú nìkan kà, ó fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ tá a jọ ń gbé yàrá kọ́kọ́ ní kí n panu mọ́, nígbà tó di alẹ́ kejì wọ́n ti ń béèrè pé ibo la bá a dé.

Mo tún wá rí ohun kan tí fíìmù ò lè sọ fún mi. Ẹ ronú wò ó, ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa kọ́kọ́ mọ̀ ni ti Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ jáde lọ́dún 1938, inú igbó la wà, iwin, ẹbọra, ọdẹ àti ìbọn. Ìgbà tó fi máa di 1969 Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá, Àjà Ló Lẹrù, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú igbó ó ti bọ́ sí ìgboro. Ìṣọ̀lá wá gbé tiẹ̀ lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì! Òun fúnra rẹ̀ kàwé ní Ìbàdàn, èdè Faransé ló lọ kọ́ níbẹ̀, ìgbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ẹ fọkàn sí i, akẹ́kọ̀ọ́ bí tèmi báyìí, èmi tí ojú ewé mẹ́rin ń pa. Èèyàn tó gbé ibẹ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó wà nínú ìwé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ wá kàn án wàyí. Kí ló yàtọ̀?

Bí mo ṣe ń kàwé, mo ń wá aṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fíìmù yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí, irun áfírò, ìró kúkurú tí ò kọjá orúnkún, bùbá tó mọ níwọ̀n. Ojú mi ti gbà á pé òun ni ìtàn. Mo wá rí i pé òǹkọ̀wé ò da ara rẹ̀ láàmú lórí aṣọ bí fíìmù ṣe ṣe. Kí ló dé? Nítorí lọ́dún 1974, ta ni wọ́n fẹ́ ṣàlàyé bùbá fún? Ẹni tó ń kàwé, òun náà ló wọ̀ ọ́ sọ́rùn! Ẹni tó bá ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ kì í ṣàpèjúwe àdúgbò. Àmọ́ Kèlání lọ́dún 1997, ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú rẹ̀, ìdajì yín ò tíì dáyé lọ́dún 1974. Kámẹ́rà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ìwé lè sọ pé "Àṣàkẹ́ wọlé" kó tẹ̀ síwájú, kámẹ́rà ò lè ya ọmọbìnrin tí ò wọ nǹkan kan (ẹ má rẹ́rìn-ín), ó gbọ́dọ̀ mọ irú aṣọ wo, irú bàtà wo, irú àga wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ wo ló ń kọjá níta, tó bá ṣi ọ̀kan mú, àwọn àgbà tó mọ̀ máa pariwo.

Ohun tí ìwé fi sílẹ̀ nítorí pé gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n, òun gan-an ni fíìmù ní láti lọ gbẹ́ jáde. Ẹ sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àwọn obìnrin wo fíìmù tán wọ́n gbọ̀nà ọ̀dọ̀ télọ̀ lọ. Sítàì tí ìyá wọn wọ̀ sílẹ̀ tún gbòde, wọ́n ń pè é ní olekú títí dòní. Ìwé ló ni orúkọ, fíìmù ló rán aṣọ.

Ibi tí fíìmù náà ti wá pàdánù ni inú orí èèyàn. Nínú ìwé, Ìṣọ̀lá lè wọ inú Àjàní lọ, kó jókòó síbẹ̀ kó sọ gbogbo ohun tó ń rò, tó ń tan ara rẹ̀ jẹ, tó ń ṣèlérí fún ẹni yìí lọ́kàn tó tún ń ronú ẹnì kejì. Mo ka ibẹ̀, mo bínú sí i, mo káàánú rẹ̀. Nínú fíìmù ńkọ́? Ojú òṣèré nìkan lẹ ní, àti orin, àti ohun tó bá ti ẹnu jáde. Ìdí nìyẹn tí Àjàní inú fíìmù fi dà bí ọmọ ìyá ẹni sí mi tí ti inú ìwé sì dà bí èmi fúnra mi, èyí ò sì dùn mọ́ mi nínú tó.

Kèlání ò ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí o. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ló ti di kámẹ́rà mú kó tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, òǹkàwé paraku sì ni. Ó ti gbé Kòseégbé, eré Ìṣọ̀lá kan náà, ṣáájú Ó Le Kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ó lọ bá ìwé Báyọ̀ Adébọ̀wálé, ó lọ bá ti Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan tó fi ṣe Máàmi. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Ṣaworoidẹ. Ìṣọ̀lá kọ ìyẹn fún fíìmù ní tààrà, fíìmù jáde lọ́dún 1999, ìgbà tó yá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́ di ìwé. Àgbò ló kọ́kọ́ délé kí wọ́n tó ra okùn.

Mo ní láti tún asáínmẹ́ǹtì mi kọ, lẹ́kíṣọ̀ sì fi iṣẹ́ míì lé e: kí n kọ ohun kan tí mo rí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan bí ìwé, ẹ̀ẹ̀kan bíi fíìmù. Mo mú ìyá àgbà mi, tí wọ́n ń retí ìpè ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Ti ìwé rọrùn, mo kọ ọ́ pé "Ọkàn màmá ò balẹ̀, ọjọ́ kẹta rèé tí fóònù ò dún." Ó tán. Ti fíìmù gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kí ni kámẹ́rà fẹ́ yà níbi "ọkàn ò balẹ̀"? Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń sunkún, kò rí bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà mi kì í sunkún. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu, ó dà bí eré ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni mo rántí pé wọ́n máa ń gbé fóònù lọ sí ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí iná rẹ̀ tàn, wọ́n á gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, wọ́n á tún lọ fọ ọwọ́ padà wá tẹ̀ ẹ́. Mo kọ ìyẹn nìkan. Lẹ́kíṣọ̀ fàlà sí i nídìí, wọ́n kọ "ẹn-hẹ́ẹ̀n" síbẹ̀.

Mo gbé ìwé náà lọ sílé nígbà họlidé. Mọ́mì mi rí i lórí tábìlì, wọ́n pariwo, wọ́n wọ yàrá lọ mú fọ́tò kan wá, àwọn rèé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta, gbogbo wọn nínú olekú aláwọ̀ osàn, níbi ìgbéyàwó kan. Wọ́n ní àwọn wo fíìmù yẹn lórí kásẹ́ẹ̀tì títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n ti ka ìwé rẹ̀? Wọ́n ní ìwé wo, ṣé ó ní ìwé ni?

Wọ́n ti ń kà á báyìí, ìwé láíbìrì tí mo gbọ́dọ̀ dá padà o, dígí lójú, lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Lánàá wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn ń gbìyànjú kí àwọn ro ojú míì fún Àjàní, àmọ́ gbogbo bó bá ti lanu, Yẹmí Ṣódìmú náà ló ń sọ̀rọ̀.